Ìyá Ìbíadé Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Wa Síta

Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ fún màmá wa àgbà, Lèmọ́mù béèrè pé ta ni yóò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ẹbí. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi, torí èmi ni mo dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dìde. Mo ní, "Ìyá wa jẹ́..." Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ń kọjá lójú títì, àga tí mo dì mú sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà níta nínú oòrùn, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ti sáré jáde tẹ̀lé mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Bóyá ọwọ́ mi á lè sọ ohun tí ẹnu mi kò lè sọ, n óò sì lè dìde jáde nígbàkigbà tí àyà mi bá já.

N kò ní ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni bó ṣe máa ń jókòó, bó ṣe máa ń búni, àti pé lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ mọ́ wa síta, ó sì kú sẹ́yìn rẹ̀. Èdè Ìjẹ̀bú ló ń sọ, tòun ti ohùn àwọn ará etí omi. Yorùbá tí gbogbo wa ń kà ni n óò fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá ta yín létí bó ṣe ń ta wá, ẹ̀bi ọwọ́ mi ni.

Ìyá Ìbíadé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí Ìbíadé ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Obì ló ń tà. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ fún un láti máa gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó kó sọ̀kalẹ̀ sí yàrá ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, orí àpótí kékeré kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé, ni ibùjókòó rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Agbọ̀n obì á wà níwájú rẹ̀, á máa ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, á máa pààrọ̀ ewé tó ti gbẹ. Kò lè dá dìde. Èèyàn méjì ni yóò kì í lápá ọ̀tún àti òsì, òun á sì máa bú àwọn méjèèjì títí yóò fi nàró tán.

"Ẹ rọra! Ṣé àpò ẹ̀gẹ́ ni mí?"

Ilẹ̀kùn yẹn, igi ìrókò ni. Ẹni tó kàn án kò gbé e kọ́ dọ́gba, nítorí náà bí o bá ṣí i tí o sì fi í sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò rọra padà wá tì. Òkúta la fi ń gbé e ró kó má bàa padé. Òkúta yẹn náà ní ìtàn. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wà lọ́nà Mámù, kúárì la ń pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, fèrè á kọ́kọ́ ké. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ṣì kéré, àpáta dún, òkúta kan fò láti ibẹ̀, ó já páànù ilé ìdáná wa, ó sì balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Gbogbo ilé figbe ta. Ìyá wo òkúta náà títí, ó ní kí n gbé e wá. Ó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹni tó bá wọlé mi láìkí mi, iṣẹ́ ni yóò máa ṣe."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti fi òfin kan lélẹ̀ fún gbogbo ọmọ ilé, gbogbo àdúgbò ló sì gbà á: bí fèrè bá ké, wọlé. Ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ, jù ú sílẹ̀ kí o wọlé. A ó sáré wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó fara ti ògiri, àpáta á dún, ilé á mì, eruku á já lu orí wa láti òkè àjà, fèrè á tún ké, a ó jáde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe títí irun orí wa fi ń funfun. Kò sí ọmọ àdúgbò wa tí a ní láti kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ilé ni ààbò. Ìta ni òkúta ti ń pani.

Ó ní ọ̀nà kan tó fi ń lé àlejò tí kò fẹ́. Kò ní dìde, kò ní pariwo. Á fi orí ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ fa òkúta náà kúrò, ilẹ̀kùn á wá ní tirẹ̀, á na ọwọ́ sókè láti ibi tó jókòó sí, á sì fi irin ìdábùú há a. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn oníbàárà tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú obì rẹ̀. Ó ṣe é sí ọkùnrin kan tó wá tọrọ ọ̀kan nínú wa fún ọmọ rẹ̀, tó sì ń sọ̀rọ̀ ẹran tí wọ́n máa pa kó tó kí onílé. Ó ṣe é sí èmi gan-an nígbà tí mo dé láti Òrù, ìlú tí mò ń gbé, pẹ̀lú ìpè lọ́wọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù dé iwájú rẹ̀. Mo dúró síta títí mo fi parí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tó ṣí i, ẹ̀rín ló ń rín.

"Ṣé ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, Ìyáàfin? Ẹ wá kí wa wàyí."

Ẹni tó máa ń ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ síta jù ni Bàbá Múfú, ọmọkùnrin rẹ̀, àbúrò ìyá mi. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni ilé náà, bàbá ọkọ Ìyá ló kọ́ ọ nígbà tí kòkó ń mówó wálé. Ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè sùn sójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí kúárì ṣe ń mì ín lọ́dọọdún, ó ń sán. Bí Iléyá bá ti ń bọ̀, Bàbá Múfú á mú bíríkìlà wá, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ibi tó ti là, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà, ilé á máa dán bí ẹni tó ń lọ ibi ìyàwó. Bí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ àdúgbò wa ṣe ń ṣọdún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ bóyá amọ̀ àti sìmẹ́ńtì di ara wọn mú nínú, bóyá ńṣe ni awọ kan kàn dúró lórí ara tí kò gbà á.

Ìyá gbà kí wọ́n rẹ́ ìta. Ṣùgbọ́n ẹ̀là kan wà lára ògiri lókè ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó là lọ bí ẹ̀ka igi. Èyí ni kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn.

Bàbá Múfú ní, "Ìyá, ojú ń tì mí. Àlejò á wọlé, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ rí nìyí."

"Kí wọ́n máa wo ẹsẹ̀ wọn."

"Ìyá, bíríkìlà ti dúró."

"Kó jókòó."

Nígbà tí bíríkìlà gbé àkàbà wọlé láìgbàṣẹ, ọ̀pá na òkúta, ilẹ̀kùn padé, àkàbà sì há sí agbedeméjì, ìdajì nínú, ìdajì níta. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Bàbá Múfú ń bẹ̀bẹ̀ láti ìta, Ìyá ń dáhùn láti inú.

"Má kun àtíkè fún un lójú mi. Mo fẹ́ máa rí bó ṣe jí lójoojúmọ́."

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé ó mọ̀ pé ilé kò dára, pé yóò gbà kúrò níbẹ̀. Kò gbà. Mo bẹ̀ ẹ́, Bàbá Múfú bẹ̀ ẹ́, Lèmọ́mù bá wa bẹ̀ ẹ́. Ilé mi ní Òrù kò ní àtẹ̀gùn, páànù fífúyẹ́ ló bò ó, yàrá kan ṣófo. Ó ní ilé tí ògiri rẹ̀ tinrín bí ìwé kọ́ ni òun máa kú sí. Nígbà tí a yọ ọ́ lẹ́nu jù, ó sọ̀rọ̀ Ìbíadé fún wa, ohun tí kì í fẹ́ sọ.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, etí odò ni ilé wọn wà, lórí iyanrìn tó máa ń mu omi. Ó ní bí àwọn ọmọ bá ń jó lórí iyanrìn yẹn, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, omi á sun sókè láàárín ìka ẹsẹ̀ wọn, ilẹ̀ tó le tẹ́lẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹsẹ̀ á rì. Eré ni wọ́n fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní àkókò òjò kan, bèbè odò náà já ní ọ̀sán gangan, ó gbé ilé ìdáná wọn lọ tòun ti ìyá rẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ó rí i. Ó ń sáré lọ síbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi gbá a mú lẹ́yìn aṣọ. Nígbà tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó wá tọrọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó bi wọ́n ni bóyá lóòótọ́ ni pé orí àpáta ni ìlú wọn wà.

"Ó ní kí n lọ síbi tí ilẹ̀ ti le, kí n má wẹ̀yìn. Ṣé ìwọ wá fẹ́ kí n wẹ̀yìn?"

Èmi nìkan ni mo padà sí Òrù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbínú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyá kì í bínú lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó di ìyàwó tuntun, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin sọ níwájú àwùjọ pé ará etí omi kò mọ oúnjẹ kankan sè ju ẹja lọ. Ìyá kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ń kí obìnrin náà láàárọ̀, ó ń bá a gbé ẹrù. Ó bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ bímọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan nínú ilé, obìnrin yẹn kàn sún ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ Ìyá sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè rí ibi gbé omi kaná. Ohun tó ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ṣí ẹnu, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó pa á dé. Ó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò fi ń yọ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn náà jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ìyàwó tuntun kan, tí kò tíì pé oṣù kan nínú ilé, tó ń gbé àwo kọjá ní tirẹ̀, òun ló bú sẹ́kún tí àwo fi jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá pé ṣé nítorí ìkòkò nìkan ni.

"Èmi kọ́ ni mo bínú lánàá. Ìbínú ọjọ́ ìgbéyàwó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Rọ́fí, ọmọ mi obìnrin, ló padà fi ọ̀rọ̀ yìí mú un. Rọ́fí kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti inú ilẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ibẹ̀ náà ló ṣì ń gbé. Ó wá kí wa lọ́sẹ̀ kan tí nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Omi tó wà nínú abọ́ Ìyá ti kọ́kọ́ gbọ̀n lọ́sàn-án kan, láìjẹ́ pé fèrè ké. Gbogbo wa di ẹ̀bi náà ru kúárì. Àwọn kúárì ní àwọn kò fọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. A kò gbà wọ́n gbọ́. Rọ́fí ní ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ìyá ní, "Ta ló wá mì ín? Ìwọ?"

Rọ́fí jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n obì. Ó mú ẹ̀ka igi kan nínú igi ìdáná, ó di orí rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń tẹ̀ ẹ́. "Ẹ wò ó, Ìyá Àgbà. Mò ń fi agbára tẹ igi yìí, kò sì tíì ṣe nǹkan kan. Ibo ni agbára mi lọ?"

"O fi ṣòfò."

"Kò ṣòfò. Inú igi ló wà. Igi gbà á pamọ́." Ó tẹ̀ ẹ́ sí i, igi náà ṣẹ́, ó dún pàù, Rọ́fí sì jù ú sílẹ̀, ó ń gbọn ọwọ́. "Ẹ rí i? Ohun tó gbà pamọ́ ló padà ta mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àpáta ìsàlẹ̀ náà ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ti là láti ayébáyé. Apá kan fẹ́ lọ síhìn-ín, apá kejì fẹ́ lọ sọ́hùn-ún, wọ́n fara gbún ara wọn, wọn kò lè lọ. Wọ́n á gbà á mọ́ra, wọ́n á gbà á mọ́ra, ọdún á gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan ibi tó há á yẹ̀, wọ́n á sún lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n ti ń gbà mọ́ra á bọ́ sílẹ̀, á máa lọ yíká bí ìgbà tí èèyàn ju òkò sódò. Ìyá Àgbà, bí ẹ ṣe ṣe lórí ìkọ́kọrẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣe."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbá a lórí díẹ̀. "O ti ba igi ìdáná mi jẹ́. Máa sọ ọ́ lọ."

Rọ́fí ní bí ó bá bẹ̀rẹ̀, ìró kan ló máa ń kọ́kọ́ dé, ó yára, kì í sì í sábà ṣe nǹkan púpọ̀, bí ẹni kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ń tẹ̀lé e ló burú, òun ló ń fi ilé sọ́tùn-ún sósì. Bí ibi tó ti ṣẹ̀ bá jìnnà ni àlàfo àárín wọn ṣe máa ń gùn tó, bó bá sì wà nítòsí, kò ju kí èèyàn mí kanlẹ̀ lọ. Ó ní ilẹ̀ iyanrìn olómi, bíi ti etí odò Ìbíadé, máa ń mì ju ilẹ̀ àpáta lọ, ó sì lè rọ̀ lójijì bí èyí tí Ìyá fi ṣeré lọ́mọdé. Ìyá mi orí, inú rẹ̀ dùn pé àpáta òun ṣì borí. Ṣùgbọ́n Rọ́fí kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí ẹ̀là tó wà lókè ẹnu ọ̀nà.

"Lórí àpáta pàápàá, ilé alámọ̀ wúwo, kò sì lè tẹ̀ bí igi. Bó bá mì sọ́tùn-ún sósì, lílà ni yóò là. Ìyá Àgbà, bí ilẹ̀ bá mì láìjẹ́ pé fèrè ké, kí ẹnikẹ́ni tó wà níta má wọlé. Kó dúró síbi tí kò sí ògiri, tí kò sí wáyà iná lókè rẹ̀."

"Ọjọ́ wo ni yóò mì?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

"Àwọn olùkọ́ rẹ ńkọ́?"

"Àwọn náà kò mọ̀ ọ́n."

Ìyá yí sí mi. "Sìdí, ẹ rán ọmọ yìí níwèé títí, kò mọ ọjọ́. Kí ni ìwé náà wá wúlò fún?"

Rọ́fí ní, "Ó wúlò láti mọ ibi tí èèyàn máa dúró sí."

Ìyá kàn pòṣé, ó padà sídìí obì rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá lọ létí rẹ̀. Èmi gan-an, ó kọjá lọ létí mi. Ẹsẹ̀ tó ti ń sáré wọlé láti kékeré, ọ̀rọ̀ ọ̀sán kan kò lè dá a dúró.

Ọjọ́ náà dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo wá láti Òrù láti bá Ìyá fọ ewé obì. Mo jókòó sínú àgbàlá iwájú ilé pẹ̀lú Ìyá Aládùúrà, aládùúgbò wa tí ògiri rẹ̀ kan tiwa, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń ṣeré lẹ́yìn wa. Òun àti Ìyá ń bú ara wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Ìyá ń pariwo láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ìyá Aládùúrà, agogo yín òwúrọ̀ yìí, ṣé Ọlọ́run tiyín kì í gbọ́ràn ni?"

"Ó ń gbọ́ o, Ìyá Ìbíadé. Ẹ̀yin la fẹ́ jí."

Nígbà náà ni ilẹ̀ kan ilẹ̀kùn, bí Rọ́fí ṣe wí. N kò mọ ọ̀rọ̀ míràn tí mo lè lò. Ó dà bí ẹni ju àpò obì sílẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Omi inú ọpọ́n tó wà níwájú mi fọ́n. Adìyẹ fò. Fèrè kò ké.

Gbogbo wa dìde, gbogbo wa sì sáré síbi tí a ti kọ́ wa láti sáré sí. Àwọn ọmọ wà níwájú. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, òkúta gbé e ró, Ìyá jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ojú èmi àti òun ṣe mẹ́rin. Ó wò mí, ó wo àwọn ọmọ, ó gbé ojú sókè wo ẹ̀là rẹ̀. Mo rí ọ̀pá rẹ̀ tó jáde. Ó fa òkúta. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ bó ṣe máa ń bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì rò pé n óò bá a. Ó padé lójú èmi àti àwọn ọmọ. Mo gbọ́ irin ìdábùú tó wọlé.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó burú dé. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. N kò lè dúró, mo di ilẹ̀kùn mú.

"Ìyá! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Ẹ kúrò níbẹ̀! Kó àwọn ọmọ lọ sáàárín àgbàlá!"

"Ìyá, ẹ ṣí i, kí a gbé yín!"

"Ìwọ àti ta ni? Èèyàn méjì ló ń gbé mi. Sìdí, mo ní kí o lọ dúró níbi tí ọmọ rẹ wí!"

Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì lu igi ìrókò yẹn. Amọ̀ ń rọ̀ lé mi lórí. Ìyá Aládùúrà gbá mi mú lẹ́yìn aṣọ, ó fà mí, mo bá a jà, ó sì fà mí, a ṣubú lu àwọn ọmọ láàárín àgbàlá. Mo rí i tí awọ sìmẹ́ńtì tó ń dán yẹn kọ́kọ́ ṣí kúrò lára ògiri òkè bí èèpo ẹ̀gẹ́. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti pín sí ọ̀nà púpọ̀ tipẹ́tipẹ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì jókòó sínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, eruku nìkan la rí. Lẹ́yìn eruku, gbogbo nǹkan dákẹ́, ilẹ̀ sì dúró bí ohun tí kò ṣe nǹkan kan rí.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti wá látìgbà náà láti ṣàlàyé fún wa. Wọ́n ní kékeré ni, pé níbòmíràn nínú ìlú, àwo lásán ló fọ́, àwọn kan sì wà tí wọn kò mọ̀ pé nǹkan mì. Ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń wí, bí mo ṣe gbọ́ ọ, ni pé ilẹ̀ mì ni, ilé ló pa á. Mo béèrè bóyá kúárì ló fà á. Wọ́n ní ibi tó jìn ju ibi tí kúárì lè dé lọ ló ti wá, ṣùgbọ́n pé ilé tí a ti ń mì tipẹ́ kò lè rí bí ilé tí a kò mì rí. N kò mọ̀. Mo béèrè bóyá yóò tún mì. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ ìdáhùn yẹn tẹ́lẹ̀.

Mo ń gbé ní Òrù nínú ilé mi tí kò ní àtẹ̀gùn. Òkúta kúárì yẹn wà lọ́dọ̀ mi, òun ló ń gbé ilẹ̀kùn mi ró, n kì í sì í jẹ́ kí ó padé. Rọ́fí ní kí n má gbé òkúta dí ọ̀nà tí èèyàn máa gbà sá jáde. Mo ní mo gbọ́. Mo sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Bí ohunkóhun bá dún, ẹsẹ̀ mi kan ń fẹ́ wọlé, èkejì ń fẹ́ jáde, n óò sì dúró sójú ọ̀nà bí ẹni tí kò nílé.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ògiri ọ̀tún àti tòsì ti lọ, òkè ti lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ìrókò yẹn dúró lórí férémù rẹ̀, ó wà ní títì. Àwọn ọkùnrin gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lórí amọ̀ tó wó. Wọ́n fi ọwọ́ wa amọ̀ títí wọ́n fi rí i. Orí àpótí rẹ̀ ló ṣì wà, ó fẹ̀yìn ti igi ilẹ̀kùn. Wọ́n fẹ́ gbé e gba orí òkìtì tí àwọn náà gbà wọlé. Bàbá Múfú dí wọn lọ́nà. Ó ní ìyá òun kò ní gun ògiri jáde nínú ilé ara rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí irin ìdábùú, kò rí i fà. Mo gba òkìtì kọjá lọ bá a. A fà á pọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, mo fi ẹsẹ̀ mi dí i kó má bàa padà wá tì, Bàbá Múfú kì í lápá ọ̀tún, Ìyá Aládùúrà kì í lápá òsì, wọ́n sì gbé e dìde.

Gbogbo wa ń retí kó bú wa pé kí a rọra.